Òpó Tí Kò Sí Nínú Máàpù

Awakọ̀ bàálù ológun náà kú kí ó tó mọ ohun tó pa á. Ó ń fò nítòsí ilẹ̀ nínú ọyẹ́, ojú rẹ̀ wà lára máàpù tó ń tàn níwájú rẹ̀. Òpó rédíò tó kọlù kò sí nínú máàpù náà.

Ní ọ́fíìsì tí wọ́n ti ṣe máàpù ọ̀hún ní Bódìjà, Àpínkẹ́ jókòó láàárín ọlọ́pàá méjì. Irin ni fèrèsé, irin ni ilẹ̀kùn. Kọ̀ǹpútà ti jẹ́rìí mọ́ ọn: ní aago méjì ọ̀sán Jímọ̀, kí máàpù tó dé ọ̀dọ̀ àwọn ológun, ẹnìkan fi orúkọ Àpínkẹ́ wọlé, ó sì pa òpó náà rẹ́.

"Mi ò fọwọ́ kàn án," ni ó wí. Ohùn náà ṣe é bí ẹni pé ti ẹlòmíràn ni.

Ọ̀gá rẹ̀, Akínbíyìí, mi orí. "Àpínkẹ́, bí irọ́ bá lọ fógún ọdún, ọjọ́ kan lòótọ́ ń lé e bá. Èmi ò sí níbí. Gbogbo Jímọ̀ ni mo máa ń lọ sí Èkó."

Ìnsípẹ́kítọ̀ Àyàntúndé ń tẹ́tí sí jẹnẹrétọ̀ tó ń bú ramúramù níta. "NEPA ńkọ́?"

"NEPA kẹ̀?" Luqman tó ń ṣọ́nà rẹ́rìn-ín. "Tiransifọ́mà àdúgbò ti jó láti oṣù tó kọjá, sà. Jẹnẹrétọ̀ la fi ń mí. Èmi ni mò ń tàn án, kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ kì í kúrò lápò mi."

"Lọ́jọ́ Jímọ̀ ńkọ́?"

"Mo máa ń pa á ní aago kan kí n tó lọ kírun ní Ṣàngó. Ó di aago mẹ́ta kí n tó dé. Kọ̀ǹpútà á kú, ooru á mú wọn, Àǹtí Àpínkẹ́ á sì bú mi."

Àpínkẹ́ gbé orí sókè.

Àyàntúndé yíjú sí Akínbíyìí. "Gbogbo ẹni tó ń wà níbí ní Jímọ̀ ló mọ̀ pé kò sí iná ní aago méjì. Ẹ̀yin tí ẹ máa ń wà l'Ékòó nìkan ni kò mọ̀. Ẹ yí aago kọ̀ǹpútà padà sí ọ̀sán Jímọ̀, ẹ sì fi orúkọ ọmọ ọlọ́mọ wọlé."

"Kí ni èrè mi níbẹ̀?"

"Ẹ̀yin ni wọ́n rán lọ wo ilẹ̀ náà, ẹ ò sì lọ. Ẹni tó ń ṣọ́ òpó ọ̀hún sọ fún mi pé kò sẹ́ni tó wá wo nǹkan kan níbẹ̀ rí. Òpó kò sí nínú máàpù yín láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìgbà tí bàálù já lẹ tó fi í sí i, kí ẹ lè rí ohun tí ẹ ó pa rẹ́ lórúkọ Àpínkẹ́."

Akínbíyìí sáré dé ẹnu ọ̀nà. "Luqman, ṣílẹ̀kùn."

"Ẹ má bínú, ọ̀gá. Kọ́kọ́rọ́ jẹnẹrétọ̀ nìkan ló wà lọ́wọ́ mi."

Àwọn ọlọ́pàá méjèèjì kò kúrò nídìí àga tí Àpínkẹ́ wà. Àpínkẹ́ ló dìde lórí rẹ̀. Akínbíyìí ni wọ́n fi síbẹ̀.

"Àǹtí," ni Luqman wí bí Àpínkẹ́ ti ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà tí Àyàntúndé ṣí fún un, "ṣé ẹ ṣì máa bú mi ní Jímọ̀?"

"Máa lọ kírun ẹ," ni ó dáhùn, ó sì jáde sínú ọyẹ́.