Ẹyinjú Dúró ti Àbúrò Rẹ̀

Ẹyinjú tètè jí lónìí. Òní ni àbúrò rẹ̀ máa gẹ irun fún ìgbà àkọ́kọ́.

Orí àbúrò rẹ̀ rí róbótó. Róbótó náà ni gbogbo ilé ń pè é.

Onígbàjámọ̀ ni bàbá àgbà wọn. Àga ńlá kan wà ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀, tó ń yí bírí, bírí.

Bí ọmọ kékeré bá wá, bàbá àgbà á gbé pákó lé apá àga náà. Orí pákó ni ọmọ máa jókòó sí.

Àpótí kékeré kan wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àga. Ìyá àgbà ló máa ń jókòó síbẹ̀. Òun ló máa ń di ọwọ́ ọmọ tí ẹ̀rù bá ń bà mú.

Ìyá àgbà ti kú. Kò sẹ́ni tó ń jókòó síbẹ̀ mọ́.

Nígbà tí wọ́n dé ṣọ́ọ̀bù, bàbá àgbà gbé Róbótó sórí pákó. "Ẹyinjú," bàbá àgbà wí, "dúró ti àbúrò ẹ."

Ẹyinjú dúró tì í. Ó nà ró ṣánṣán.

Gbùùùù, kílípà bẹ̀rẹ̀. Irun ń bọ́, fẹ̀rẹ̀, fẹ̀rẹ̀.

"Yéè!" Róbótó bẹ́ sílẹ̀, gbì! Ó sá wọ abẹ́ àga.

Irun ti lọ lápá ọ̀tún. Irun ṣì kún apá òsì. Ọ̀la sì ni Róbótó máa bẹ̀rẹ̀ iléèwé.

Awakọ̀ kan ń dúró kó kàn án. Ó rẹ́rìn-ín. "Ẹ jẹ́ kó máa lọ bẹ́ẹ̀, Bàbá. Apá kan fún oòrùn, apá kan fún òtútù."

Róbótó bú sẹ́kún.

"Mo dúró tì í o, bàbá àgbà," Ẹyinjú wí. "Ẹsẹ̀ mi ò tiẹ̀ yẹ̀."

"Òótọ́ ni. Ògiri náà dúró tì í. Kí ni ògiri bá a ṣe?"

Ẹyinjú wo ògiri. Ògiri ò sọ nǹkan kan.

Ó wo aṣọ tuntun ọrùn rẹ̀. Ó wo ilẹ̀. Irun ni gbogbo ilẹ̀.

Ó wọ abẹ́ àga lọ. Ó jókòó sórí irun.

"Róbótó, èmi rèé."

"Ṣé kílípà yẹn máa bù mí jẹ?"

"Irun nìkan ló ń jẹ. Kò fẹ́ràn orí."

"Irọ́."

Ẹyinjú na ọwọ́ síta. "Bàbá àgbà, ẹ gbé e kàn mí lọ́wọ́."

Àyà òun náà ń lù, kì, kì, kì. Ṣùgbọ́n kò fa ọwọ́ sẹ́yìn.

Bàbá àgbà fi ẹ̀yìn kílípà kan àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀. Gbùùùù.

"Ó ń kùn bí ológbò," Ẹyinjú wí.

Róbótó na ìka kan ṣoṣo. Gbùùùù. Ó rẹ́rìn-ín. "Ológbò ni."

"Ṣé ká gòkè?"

"O ò ní fi mí sílẹ̀?"

"Mi ò ní fi ẹ́ sílẹ̀."

Róbótó gun pákó. Ẹyinjú jókòó sórí àpótí ìyá àgbà. Ó di ọwọ́ àbúrò rẹ̀ mú.

Gbùùùù. Irun ń bọ́, fẹ̀rẹ̀, fẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ò tú.

"Ó parí," bàbá àgbà wí.

Róbótó wo dígí. Ó fọwọ́ pa ọ̀tún. Ó fọwọ́ pa òsì. "Orí mi ń dán."

Awakọ̀ jókòó sórí àga. Ó na ọwọ́ gbàǹgbà sí Ẹyinjú. "Ẹ̀gbọ́n Róbótó, ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀rù ń ba èmi náà."

Ẹyinjú fẹ́ dìde. Bàbá àgbà fọwọ́ lé e léjìká.

"Má dìde. Àpótí yẹn ti di tìẹ. Inú ìyá àgbà yín ì bá dùn."

Irun kún aṣọ tuntun Ẹyinjú. Kò gbọn ẹyọ kan dànù.

Ó jókòó dáadáa. Ó di ọwọ́ awakọ̀ mú.

Gbùùùù.