Ẹni Tó Jókòó sí Ìdí Ọkọ̀

"Ẹ jẹ́ kí n jókòó díẹ̀. Ó ti rẹ̀ mí."

Ohun tí ìyàwó mi sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ó jókòó, kò sì dìde mọ́. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà ni mo fẹ́ sọ, òótọ́ sì ni. Irọ́ pípa ń fẹ́ agbára. Èmi kò ní.

Fọ́tò àtijọ́ ni mo ń tẹ̀. Apẹja àgbàlagbà kan ládùúgbò wa gbé dígí kan wá fún mi, irú èyí tí wọ́n ń ya fọ́tò sí láyé àtijọ́. Àwòrán bàbá rẹ̀ ló wà lára dígí náà, òun àti apẹja méjì nínú ọkọ̀, wọ́n ń fa àwọ̀n. Kò ní àwòrán bàbá rẹ̀ mìíràn.

Kámẹ́rà ayé ìgbà yẹn lọ́ra. Ẹni tó bá mira kì í hàn. Ayàwòrán á ní kí wọ́n di àwọ̀n mú, kí wọ́n dúró gbagidi bí ẹni tó ń ṣiṣẹ́. Omi nìkan ni kì í gbọ́ràn. Bí èéfín ló máa ń rí.

Oòrùn la fi ń tẹ irú rẹ̀. Mo fi pépà fọ́tò sábẹ́ dígí, mo gbé e sí àgbàlá lọ́sàn-án gangan. Ìyàwó mi ló máa ń bá mi lé adìẹ kúrò nídìí rẹ̀. Lọ́jọ́ yìí, èmi nìkan ni mo jókòó tì í. Gbogbo àdúgbò pa lọ́lọ́. Mo wá gbọ́ omi tó ń lu pákó ọkọ̀, pẹ́lẹ́pẹ́lẹ́.

Odò jìnnà sí ilé wa.

Mo yọ pépà náà wò. Obìnrin kan jókòó sí ìdí ọkọ̀. Ó kẹ̀yìn sí mi. Mo mọ ẹ̀yìn ọrùn yẹn.

Mo pe ọmọbìnrin mi. Ó wò ó títí.

"Dádì, ta ló fi Mọ́mì síbẹ̀?"

"Èmi kọ́."

"Mọ́mì tí kì í jókòó jẹ́ẹ́ fún fọ́tò!" Ó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà dẹ́kun lẹ́nu rẹ̀.

Òótọ́ ló sọ. Kò sí fọ́tò ìyá rẹ̀ kan nílé tí ojú rẹ̀ hàn dáadáa.

Mo tún un tẹ̀. Ìyàwó mi ti ń yíjú bọ̀. Mo rí ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bàbá tó bí apẹja náà ti ń pòórá. Mo gbé dígí fúnra rẹ̀ sókè, bákan náà ni. Àwọ̀n wà níbẹ̀. Ọwọ́ tó dì í mú kò sí mọ́.

Àgbàlagbà náà kanlẹ̀kùn.

"Onífọ́tò, ṣé o ti gbé bàbá mi mì ni?"

"Ó kù díẹ̀, Bàbá."

"Fara balẹ̀, jàre. Ẹni tó ti wà lórí ìdúró látọjọ́ yẹn, kò ní rẹ̀ ẹ́ lónìí."

Ó lọ. N kò lè wo ẹ̀yìn rẹ̀.

Bí mo bá tún un tẹ̀, màá rí ojú ìyàwó mi. Bàbá oníbàbá á sì lọ pátápátá.

N kò tíì dá dígí náà padà. N kò tíì sọ fún ẹnikẹ́ni. N kò tíì ká aṣọ ìyàwó mi kúrò lórí okùn. N kò tíì sunkún. Pépà kan ṣoṣo ló kù, ó ti wà lábẹ́ dígí. N kò tíì gbé e jáde sóòrùn.