Omi Lásán Ni Wọ́n Ní Kó Gbé Wá

"Ayédèrú oògùn lo tà fún mi!"

Ìyá aránṣọ na ike oògùn sójú apòògùn bí ẹni fẹ́ fi gún un. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, ẹni ọdún mẹ́rìndínlógún, dúró lẹ́yìn rẹ̀, ó ń wolẹ̀.

Ẹ̀yà ara kékeré kan wà lọ́rùn èèyàn tó ń fún ara lókun. Ti ìyá yìí ti dọ̀lẹ, oògùn yẹn ló sì yẹ kó máa ṣiṣẹ́ dípò rẹ̀.

"Oṣù mẹ́ta gbáko! Ojú mi wú, òtútù ń mú mi nínú oòrùn, lánàá mo sùn lọ nídìí maṣíìnì, abẹ́rẹ́ gún mi níka! Olè ni ẹ́!"

"Ẹ má pè mí lólè o, màmá!" Inú ti ń bí apòògùn náà. "Kí lẹ fi ń lò ó?"

"Ohun tọ́mọ mi bá gbé wá ni. Òun ni nọ́ọ̀sì bá sọ̀rọ̀ ní ọsibítù. Kọfí gbígbóná, láràárọ̀."

"Kọfí kẹ̀! Kọfí kì í jẹ́ kó wọnú ẹ̀jẹ̀ dáadáa. Omi lásán ni, kẹ́ ẹ tó jẹun, kẹ́ ẹ sì dúró fún wákàtí kan kẹ́ ẹ tó mu kọfí. Wọn ò sọ fún yín ni?"

Wọ́n sọ. Etí méjèèjì lọmọ yìí fi gbọ́ ọ. Ṣùgbọ́n kó gbé omi wá, kó tún wá dúró fún wákàtí kan kó tó gbé kọfí wá? Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń pè é lórí fóònù, wọ́n ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́: "Nọ́ọ̀sì àgbà, o ò tíì tọ́jú aláìsàn tán?" Ló bá ń kó oògùn àti kọfí sórí àwo kan, á sì sá jáde.

Ìyá rẹ̀ di apòògùn lẹ́wù mú. "Irọ́ lò ń pa! Wọn ò sọ bẹ́ẹ̀! Ọlọ́pàá ló máa gbà ọ́ lọ́wọ́ mi!"

"Màámi, ẹ fi wọ́n sílẹ̀. Èmi ni. Wọ́n sọ fún mi."

Ìyá rẹ̀ fi ẹ̀wù apòògùn sílẹ̀, ó yíjú sí i.

"O mọ̀? O mọ̀, o sì ń wò mí bí mo ṣe ń wú bíi búrẹ́dì?"

"Mi ò mọ̀ pé ó le tó báyìí, mà."

Ìyá ò gbá a létí. Ì bá sàn kó gbá a. Ńṣe ló kẹ́yìn sí i, ó tọrọ àforíjì lọ́wọ́ apòògùn, ó ní: "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tún un sọ. Èmi gan-an ni kẹ́ ẹ sọ ọ́ fún. Mi ò ní ẹni tí mo lè rán mọ́."

Ẹ̀yin ọmọ, bí wọ́n bá fi ìlera èèyàn lé yín lọ́wọ́, ẹ ṣe é bí wọ́n ṣe sọ ọ́. Ẹ má gé e kúrú nítorí ọ̀rẹ́.