Aránṣọ Tó Ń Tòògbé

Oorun ni aránṣọ náà ń sùn nígbà tí Àǹtí Wáyà kọ́kọ́ rí i, téèpù ìwọnṣọ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, wáyà ẹ̀rọ tó ń ka iṣẹ́ ọpọlọ sì kún orí rẹ̀ bí irun tí wọn ò dì tán. Iṣẹ́ wáyà yìí tó ń ṣe nílé ìwòsàn ló sọ ọmọbìnrin náà lórúkọ. Ó yẹ kó jí i, ṣùgbọ́n ó ti rẹ òun náà, ló bá jókòó tì í.

Wárápá ló gbé aránṣọ wá síbẹ̀. Nígbà tó jí, ó béèrè ohun tí oògùn amúnisùn tí wọ́n fún òun ń ṣe gan-an.

"Àwọn sẹ́ẹ̀lì ọpọlọ máa ń ránṣẹ́ síra wọn," ni Àǹtí Wáyà wí. "Iṣẹ́ kan á ní 'sọ̀rọ̀'. Òmíràn á ní 'rọra', èyí tó bá sì gbà á, ariwo rẹ̀ á dínkù. Tí 'rọra' ò bá tó, gbogbo wọn á pariwo pọ̀, ara á máa gbọ̀n. Oògùn yín ló ń ran 'rọra' lọ́wọ́."

"Ẹ ṣáà máa bá mi sọ ọ́. Ohùn yín náà tó oògùn."

Ẹ̀rín pa Àǹtí Wáyà. Bí ìfẹ́ ṣe wọlé nìyẹn.

Ìyá Àǹtí Wáyà ló fàáké kọ́rí. Ó ti rí aránṣọ tó ń tòògbé nídìí ẹ̀rọ lọ́sàn-án gangan, ó ní òun ò ní fi ọmọ òun fún ọ̀lẹ. Aránṣọ bẹ olólùfẹ́ rẹ̀ pé kó má sọ àìsàn náà fún ìyá rẹ̀. Lọ́jọ́ tó máa kí ìyá, kò lo oògùn, kí ojú rẹ̀ lè dá. Ojú rẹ̀ dá lóòótọ́. Ó pa ìyá lẹ́rìn-ín, àfi bó ṣe ṣubú lulẹ̀, tó ń gbọ̀n jìgìjìgì.

Àǹtí Wáyà yí i sí ẹ̀gbẹ́, ó dúró tì í títí ara rẹ̀ fi rọlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló ṣàlàyé gbogbo rẹ̀.

"Màámi, ó ti rẹ̀ mí láti máa fi ọ̀rọ̀ yìí pamọ́. Òun ni mo fẹ́."

Ìtìjú ò jẹ́ kí aránṣọ yọjú mọ́, títí ìyá fúnra rẹ̀ fi ránṣẹ́ pè é, pé kó lo oògùn kó tó wá o. Ó lò ó. Kí ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó tó bẹ̀rẹ̀, oorun ti gbé e lọ lórí àga. Àwọn mọ̀lẹ́bí tó wá gbọ́ ọ̀rọ̀ náà ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ní ọkọ wo rèé.

Ìyá dìde, ó pa rédíò, ó rọra yọ téèpù lọ́rùn rẹ̀, ó fi aṣọ bò ó.

"Ẹ rọra sọ̀rọ̀," ló wí fún wọn. "Ọkọ ọmọ mi ń sùn."