Aṣọ Nọ́ọ̀sì Tí Kò Ní Òórùn Oògùn

Ẹ sún mọ́ mi, ẹ̀yin òbí, ẹ̀yin ọmọ. Ohùn mi ti ń lọ sílẹ̀, orin nìkan ló ṣì ń jáde ketekete.

Nígbà tí ọmọ-ọmọ mi parí ilé-ìwé nọ́ọ̀sì, mo jó títí okùn bàtà mi fi já. Mo dá orin:

"Nọ́ọ̀sì dé, àìsàn, kó ẹrù ẹ!
Ọmọ mi dé, àìsàn, wábi gbà!"

Láràárọ̀ ló ń wọ aṣọ funfun jáde. Èmi ni mò ń fọ̀ ọ́. Àmọ́ aṣọ yẹn kò ní òórùn oògùn rárá. Eruku nìkan ló máa ń wà nídìí rẹ̀.

Mo bi í pé, "Ọkọ mi, ṣé ilé ìwòsàn yín ò ní aláìsàn ni?"

Ẹkún ló bú sí. "Màmá, mi ò níṣẹ́. Mo fìdí rẹmi nínú ìdánwò àjọ àwọn nọ́ọ̀sì. Abẹ́ igi kan ni mo máa ń lọ jókòó sí. Ẹ ti fi mí kọrin káàkiri àdúgbò, báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?"

Orin kú mọ́ mi lẹ́nu.

"Ṣebí o ti gbàwé ẹ̀rí?"

"Ìyẹn nìkan ò tó, Màmá. Àmọ́ dókítà kan ní kí n wá máa gún abẹ́rẹ́ fáwọn aláìsàn òun láti ọ̀la. Ó ní ta ló máa béèrè láísẹ́ńsì?"

Mo ránṣẹ́ pe àbúrò mi, nọ́ọ̀sì tó ti fẹ̀yìn tì.

"Ta ló máa béèrè kẹ̀?" ni àbúrò mi wí nígbà tó gbọ́ ọ̀rọ̀ náà. "Ọjọ́ tí aláìsàn bá kú mọ́ ẹ lọ́wọ́, gbogbo ayé ló máa béèrè. Dókítà ọ̀hún á ní òun ò mọ̀ ẹ́ rí."

"Ayé mi ti bàjẹ́ nìyẹn, Màmá Kékeré."

"Wọ́n ń gbà kéèyàn tún ìdánwò ṣe. Lọ bi ilé-ìwé ẹ bí wàá ṣe forúkọ sílẹ̀. Tó o bá yege, àjọ á kọ orúkọ ẹ sínú ìwé wọn, wọ́n á fún ẹ ní láísẹ́ńsì, ìwé àṣẹ láti ṣiṣẹ́. Tí àkókò rẹ̀ bá sì ti ń lọ sópin, wàá sọ ọ́ dọ̀tun."

"Tí mo bá tún fìdí rẹmi ńkọ́?"

Mo gbé oúnjẹ kalẹ̀. Omijé ń kán sínú àwo rẹ̀, àmọ́ ó jẹ ẹ́ tán. Ó wá pe dókítà, ó ní òun ò wá mọ́. Àbúrò mi yó, ó gbalé lọ. Mo ká aṣọ funfun sínú àpótí. Ọjọ́ tí láísẹ́ńsì bá dé la máa ṣí i.

Ẹ̀yin òbí, ìwé ẹ̀rí ilé-ìwé nìkan kò sọ ọmọ di nọ́ọ̀sì. Ẹ béèrè ìdánwò àjọ àti láísẹ́ńsì kẹ́ ẹ tó jó. Tí kò bá yege, ẹ fà á mọ́ra, kí ìtìjú má baà lé e síta. Ẹ̀yin ọmọ, ẹ má ṣe tọ́jú aláìsàn bíi nọ́ọ̀sì láìní láísẹ́ńsì.

Ó yá, ẹ jẹun kẹ́ ẹ tó máa lọ. Orin nọ́ọ̀sì yẹn ńkọ́? Mo ṣì ń kọ ọ́, inú ni mò ń kọ ọ́ sí títí láísẹ́ńsì á fi dé.