Ìkúnlẹ̀ Láàárín Ìjà

"Gbé ọwọ́ wá," ni Tonton Yacouba wí.

Raliatou na ọwọ́ òsì sí olùkọ́ rẹ̀, ìyẹn sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi aṣọ tẹ́ẹ́rẹ́ wé e kí ó tó kó o sínú ìbọ̀wọ́ ìjà. Gbọ̀ngàn tí wọ́n wà ní Treichville, ní ìlú Abidjan, ti kún fọ́fọ́. Àwọn èèyàn ń jẹ ọ̀gẹ̀dẹ̀ díndín, wọ́n ń pariwo, gbogbo ibẹ̀ ń run òróró àti òógùn.

"Ọwọ́ rẹ kò ní àbùkù kankan," ni Tonton Yacouba ń sọ. "Orí rẹ ló ń gbóná. Tó bá tún gbóná lónìí, c'est fini, ó parí nìyẹn. Èmi fúnra mi ni màá gba ìbọ̀wọ́ yìí lọ́wọ́ rẹ."

"Mo gbọ́, Tonton."

Ọkùnrin náà kò ṣàsọdùn. Oṣù mẹ́ta sẹ́yìn, nínú gbọ̀ngàn yìí kan náà, Raliatou bá Cynthia, ọmọ àdúgbò Adjamé, ja ẹ̀ṣẹ́. Raliatou ló ń borí. Agogo ìparí dún, Cynthia sọ ọwọ́ sílẹ̀, ó yọ ike tó fi ń dáàbò bo eyín, ó sì fi Faransé dápàárá pé, "O lágbára o, ṣùgbọ́n o ń mí bíi màlúù." Ọ̀rọ̀ eré lásán ni, àmọ́ inú bí Raliatou, ó sì fún un ní ẹ̀ṣẹ́ kan lẹ́nu, eyín kan fò jáde. Wọ́n gba ìṣẹ́gun lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n sì ní kó lọ jókòó sílé fún oṣù mẹ́ta. Ohun tó fi odidi ọdún kan wá, ìṣẹ́jú àáyá kan ló fi sọ ọ́ nù.

Lónìí, àwọn méjèèjì náà tún ni. Ẹni tó bá borí ni yóò ṣojú Abidjan nínú ìdíje tó ń bọ̀ ní Bouaké, kò sì sí ohun tí Raliatou, ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún, ń fẹ́ láyé ju ìyẹn lọ.

Ìyá rẹ̀ àgbà, Màmá Sàdíátù, tó ń ta aṣọ ní ọjà Treichville, ti ṣèlérí pé òun náà máa yọjú. Kò wá wo ìjà rí. Màmá yìí kì í fi ìkíni ṣeré rárá. Bó bá ti pe Raliatou ní Àṣàkẹ́, ìyẹn oríkì rẹ̀, orúnkún ọmọ náà gbọ́dọ̀ kanlẹ̀ kó tó dáhùn, ìbáà máa fọ abọ́, ìbáà máa ṣe iṣẹ́ ilé-ìwé. Ó ti mọ́ ọn lára débi pé orúnkún náà kì í dúró gbàṣẹ mọ́.

Agogo dún. Ìpele àkọ́kọ́ dùn mọ́ Raliatou, ó rọ̀jò ẹ̀ṣẹ́ débi pé apá Cynthia kò tètè ká a. Nínú ìpele kejì, wọ́n so mọ́ra wọn, onídàájọ́ tó wà láàárín wọn yà wọ́n, oníkálukú sì fẹ̀yìn rìn díẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an ni Màmá Sàdíátù wọlé pẹ̀lú gèlè ńlá. Ó fi ìgúnpá la ọ̀nà dé iwájú.

"Àṣàkẹ́, ọmọ mi!"

Orúnkún Raliatou kanlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, màmá," ló kùn láti inú ike eyín.

Nínú ìjà ẹ̀ṣẹ́, ẹni tí orúnkún rẹ̀ bá kanlẹ̀ ti ṣubú nìyẹn, òfin kò sì bèèrè bóyá ó ń kí ìyá rẹ̀ àgbà. Onídàájọ́ wo ọmọ, ó wo ìyá arúgbó, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà: "Un, deux, trois..." Raliatou fò dìde, àmọ́ ọkùnrin náà ka iye rẹ̀ dé mẹ́jọ bí òfin ti wí.

Ẹ̀rín bá bú. Cynthia rẹ́rìn-ín títí ó fi di okùn tó yí ibi ìjà ká mú, tí ike eyín rẹ̀ sì já bọ́.

Ooru gun Raliatou láti àyà dé àtàrí. Ó mọ ooru náà dáadáa, òun ló sún un yọ eyín Cynthia lọ́jọ́sí. Ọwọ́ rẹ̀ ti ká láti gbá ẹ̀ṣẹ́. Ó wo ẹnu tó ń rẹ́rìn-ín náà, ó sì rí àlàfo dúdú níbi tí eyín kan ti wà rí. Ọwọ́ òun ló ṣe é. Ọmọbìnrin náà sì ń fi ẹnu yẹn kan náà rẹ́rìn-ín láìní ìkà kankan nínú. Ojú ti Raliatou gan-an. Ó wá rántí bí òun náà ṣe kúnlẹ̀ gbàgà láàárín ìjà. Bọ́rọ̀ bá ju ẹkún lọ, ẹ̀rín là á fi í rín. Ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ìpele yẹn ti bọ́ mọ́ ọ lọ́wọ́," ni Tonton Yacouba wí nígbà tí wọ́n sinmi. "Ọ̀kan ló kù."

"Y a foye, Tonton. Kò séwu."

Nínú ìpele kẹta, ó jà bí kò ṣe jà rí láyé rẹ̀. Nígbà tí inú bá ń bí i, ẹ̀ṣẹ́ tirẹ̀ nìkan ló máa ń rí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó ń rí ti Cynthia kó tó gbéra, ó ń yẹ̀ ẹ́, ó sì ń dá a padà wọ́ọ́rọ́wọ́. Nígbà tí agogo ìparí dún, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ ti wà lọ́nà. Ó dá a dúró níwájú imú Cynthia, ó sì fi ìbọ̀wọ́ náà tọ́ ọ léjìká.

"Yako, pẹ̀lẹ́, fún eyín yẹn," ló wí. "Ó ti yẹ kí n ti bẹ̀ ọ́ tipẹ́."

Cynthia gbá a mọ́ra. "Tó o bá dé Bouaké, má kí ẹnikẹ́ni o."

Òótọ́ ni, Bouaké ló ń lọ, nítorí méjì nínú àwọn adájọ́ mẹ́ta tó ń gba máàkì sílẹ̀ ló dá a láre. Tonton Yacouba tú aṣọ ọwọ́ rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín. "Ṣé o ti rí i báyìí? Ìbínú ló gba ìṣẹ́gun lọ́wọ́ rẹ lọ́jọ́sí, sùúrù ló dá a padà. Ọwọ́ kan náà ni."

Raliatou sọ̀ kalẹ̀ lọ bá ìyá rẹ̀ àgbà, ó sì kúnlẹ̀. Ni gbogbo gbọ̀ngàn bá fi ohùn kan kà á: "Un! Deux! Trois!" Cynthia ló ń darí wọn.

"Kí ni wọ́n ń kà?" ni Màmá Sàdíátù bèèrè.

"Wọ́n ní mo ṣubú ni, màmá."

"Ta ló ṣubú?" Ìyá àgbà gbé ọwọ́ lé e lórí. "Jẹ́ kí wọ́n kà á dé ẹgbẹ̀rún. Ọmọ tó kúnlẹ̀ kí àgbà kò ṣubú."