Ìrẹsì inú Báàgì

"Kó tó di aago kan ọ̀sán, ìrẹsì á jinná nínú páálí yìí, láìsí igi, láìsí gáàsì. Bí kò bá jinná, èmi fúnra mi ni màá jẹ páálí náà."

Tiwátọ́pẹ́ ló ń fọ́nnu bẹ́ẹ̀ lórí pápá ilé ìwé wọn ní Trans-Ekulu, lápá ìlà-oòrùn orílẹ̀-èdè wa. Ó ti fi bébà dídán tẹ́ inú páálí, ó sì fi gíláàsì bo ojú rẹ̀, kí oòrùn lè se ohun tó wà nínú rẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ sáyẹ́ǹsì rẹ̀ bá dára jù ni yóò ṣojú ilé ìwé níbi ìdíje ní Àbújá. Ọláwuyì, àgùnbánirọ̀ tí gbogbo wọn ń pè ní Kọ́pà, yẹ inú ìkòkò dúdú tó wà nínú páálí náà wò: ìrẹsì tútù àti omi. Ó ní ó di aago kan.

Àfi bí ẹni pé oòrùn gbọ́ ìfọ́nnu náà, ó sá pamọ́ sẹ́yìn ìkùukùu. Aago mọ́kànlá lù, omi inú ìkòkò ṣì tutù bí imú ajá. Mark, ọmọ kíláàsì wọn, bi í léèrè bóyá epo ni yóò fi jẹ páálí náà tàbí ata.

Nígbà ìsinmi, tí pápá dá, Tiwátọ́pẹ́ da ìrẹsì tútù náà sínú ọ̀rá, ó tì í bọ inú báàgì rẹ̀. Gáàsì ilé wọn ti tán, igi ni ìyá rẹ̀ fi se ìrẹsì tó gbé wá fún oúnjẹ ọ̀sán. Ìrẹsì jíjinná yìí ló dà sínú ìkòkò.

Kò pé ìṣẹ́jú márùn-ún, oòrùn yọ. Oòrùn wo? Èyí tí ń lé aláǹgbá wọ abẹ́ òkúta. Tiwátọ́pẹ́ sáré lọ láti dá ìrẹsì tútù padà. Kọ́pà ti gbé àga sẹ́gbẹ̀ẹ́ páálí náà. Ó ní òun fẹ́ ṣọ́ ọ kí ẹnikẹ́ni má baà ṣe màgòmágó.

Kò ṣeé dá padà, kò ṣeé sá lọ. Ọ̀rá inú báàgì tó gbé kọ́ ẹ̀yìn sì ń jò. Omi gba ẹ̀yìn rẹ̀, ó dé ìbọ̀sẹ̀. Kọ́pà ní kó sọ báàgì kalẹ̀ kó sinmi. Tiwátọ́pẹ́ ní bó ṣe wà yìí tẹ́ òun lọ́rùn.

Aago kan lù, wọ́n ṣí ìkòkò, àtẹ́wọ́ sọ. Ọ̀gá àgbà, obìnrin kan tí kì í yìn èèyàn, tọ́ ọ wò. Ó ní ṣé wọn ò rí i pé kò ní òórùn èéfín rárá. Kọ́pà ní òun ń gbọ́ adùn oòrùn gan-an lẹ́nu. Mark bu ṣíbí kejì. Wọ́n ti ń kọ orúkọ Tiwátọ́pẹ́ sílẹ̀ nígbà tí ọ̀gá àgbà béèrè ibi tí omi tó wà lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wá.

"Ẹ má bínú, mà. Irọ́ ni mo pa. Igi ni màmá mi fi se èyí tí ẹ jẹ. Tèmi ló wà nínú báàgì."

Wọ́n pa orúkọ rẹ̀ rẹ́, wọ́n kọ ti Helen, akẹgbẹ́ rẹ̀ tí ẹyin tó fi oòrùn sè kò tíì le tán, ṣùgbọ́n tó jẹ́wọ́ bẹ́ẹ̀.

Kọ́pà pe Tiwátọ́pẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́, ó fi Yorùbá bá a sọ̀rọ̀. "Wọ́n ní bí irọ́ bá sáré fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ ń lé e bá. Tìrẹ ò tilẹ̀ lo wákàtí méjì. Tiwátọ́pẹ́, bí o bá ní ‘kò tíì jinná’, ta ni yóò bú ọ? Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ dára. Ìwọ lo fi irọ́ gba Àbújá lọ́wọ́ ara rẹ."

Ó ní kó da ìrẹsì inú ọ̀rá sínú ìkòkò, kó bu omi sí i, kó gbé e padà sínú páálí, kí àwọn wò ó. Nígbà tó di aago mẹ́ta ààbọ̀, wọ́n ṣí i. Ooru bò wọ́n lójú. Gbogbo hóró ti rọ̀. Mark la ẹnu sílẹ̀, omijé ń bọ́ lójú Tiwátọ́pẹ́.

Bàbá Jímọ̀ tó ń ṣọ́ géètì bu ṣíbí kan, ó rọra jẹ ẹ́, ó gbé e mì.

"Kò níyọ̀," ó wí.